Tí Rédíò Ẹ Bá Dákẹ́ ní Kìṣí

Àjọkẹ́ mi,

Àlàáfíà ni mo fi ṣáájú, òun náà ni mò ń retí lẹ́nu ẹ. Ṣé ara le? Ṣé oyún ti ń jẹ́ kó o jẹun? Ṣé oko ti ń mọ́ Múfútáù ọkọ ẹ lára? Bàbá ẹ ní kí n kí ẹ. Wọ́n ní kí n má fi omijé ba ìwé jẹ́ o, torí ìwé ti wọ́n. Mo ní òógùn ni.

Awakọ̀ lọ́rì tó ń kó iṣu bọ̀ látọ̀dọ̀ yín ló fún mi ní lẹ́tà ẹ. Ìdí ìsọ̀ ẹ̀pà mi ló ti bá mi, lọ́nà ibùdó ojú irin. Mo gbà á, mo fi sábẹ́ ìró, mi ò lè kà á lójú èèyàn. Ìgbà tí mo délé ni mo kà á, mo sì tún un kà. Awakọ̀ ní òun máa gba ìdáhùn kóun tó padà lọ́jọ́ ọjà, ìyẹn ni mo fi jókòó kọ èyí. O mọ̀ pé ìwé mẹ́rin ni mo kà tí wọ́n fi ní kí n wá máa pọn ọmọ àǹtí mi, torí náà má fi ìwé mi ṣẹ̀rín. Bó ṣe ń wá sẹ́nu mi ni mò ń kọ ọ́.

Ilé ò rí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀. Tí mo bá ń yan ẹ̀pà, èyí tó bá kọ́kọ́ pọ́n ni mo máa ń bù sápá kan fún ẹ, kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá jẹ ẹ́. Ẹní ẹ ṣì wà níbi tó o ká a sí. Bàbá ẹ ní kí n gbé e kúrò, pé eku á bímọ síbẹ̀. Mo ní kí eku náà bímọ.

Ó dáa. O kọ ọ́ pé rédíò tí mo fún ẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ń ya wèrè. Pé ó ń sọ̀rọ̀, ó ń dákẹ́, ó tún ń hó bí epo gbígbóná. O ní Múfútáù ní kẹ́ ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀ ewúrẹ́ lọ́wọ́ Fúlàní kan. Àjọkẹ́, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ẹ́, ẹ má fi rédíò yẹn gba ewúrẹ́. Jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ.

Mo lóyún.

Má pariwo. Mo mọ̀ pé o ti pariwo. Kó o tó kúrò nílé ló ti wà níbẹ̀, mò ń fi ìró bò ó, ojú ń tì mí. Èmi tí mo ti di ìyá ìyàwó! Nígbà tó wá yọ tán, Ìyá Mùkáílà tí à ń jọ pọnmi nawọ́ sí ikùn mi lẹ́nu odò, ó ní, "Ìyá Raṣí, ṣé ẹ̀yin àti ọmọ yín ń du ipò mọ́ ara yín lọ́wọ́ ni?" Mo ní ọmọ mi ló gba ipò kìíní, èmi ń fẹsẹ̀ wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe gbé omi délé, mo jókòó sórí ìkòkò tí mo dojú ẹ̀ délẹ̀, mo tún ìró fà bo ikùn.

Ìyá bàbá ẹ ní ìyá àti ọmọ kì í gbé oyún wà lábẹ́ òrùlé kan, pé ọ̀kan á máa fa agbára ọ̀kan. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ fi dán an wò? Ìwọ nìkan ni mo ní. Ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́ nígbà tí wọ́n dá Múfútáù dúró lẹ́nu iṣẹ́ n'Íbàdàn, tó wá bá ẹ lọ́dọ̀ wa, tó ní òun ń mú ẹ lọ sóko àbúrò bàbá òun ní Kìṣí. Àwọn èèyàn ń wò mí pé kí ló dé tí ìyá yìí ò sunkún. Mo ti sun ún tán nínú balùwẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Ìwọ mọ̀ pé oyún kì í pẹ́ lára mi. Àwọn tó tẹ̀lé ẹ, kò sí èyí tó dúró. Èyí ló máa kọ́kọ́ tó báyìí, ó sì ti ń ta mí nípàá bí ọmọ tó fẹ́ jà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń wú. Nọ́ọ̀sì àgbà nílé ìwòsàn wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó mi orí, ó ní mi ò gbọdọ̀ bímọ sílé o, pé tí oṣù bá pé kí n ti máa bọ̀ wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní ká mú òwú, abẹ́, àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà wá fúnra wa, torí kò sí mọ́. Mo ti ń kó wọn jọ díẹ̀díẹ̀ sínú báàgì tó o fi ń lọ iléèwé.

Ṣé o wá rí i. Lẹ́tà á pẹ́ lọ́nà. Tẹlifóònù ò sí lọ́dọ̀ yín, kò sí lọ́dọ̀ wa. Ohun kan ṣoṣo tó lè kúrò níhìn-ín lónìí kó dé ọ̀dọ̀ ẹ lónìí náà ni rédíò. O rántí ètò ìkíni tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn ìrun Mọgáríbì ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀? Ibẹ̀ ni wàá ti gbọ́ mi. Tí Ọlọ́hun bá bá mi ṣe é, bàbá ẹ á ní kí wọ́n kí ẹ pé: Raṣídátù Àjọkẹ́, ìyàwó Múfútáù, lóko Kìṣí, àwọn ará ilé ní Ẹ̀dẹ ní kí wọ́n kí ọ o, wọ́n ní ẹrù ti sọ̀. Ẹrù ti sọ̀ yẹn, èmi nìyẹn. Èmi àti ọmọ.

Nítorí náà rédíò yẹn gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Gbọ́ bó o ṣe máa ṣe é. O mọ̀ pé ìsọ̀ mi fara kan ti Bàbá Onírédíò, àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Tí mo bá ń yan ẹ̀pà, ojú mi a wà lọ́dọ̀ wọn. Tí kò bá sì yé mi, mo máa ń béèrè, wọ́n á ní, "Ìyá ẹlẹ́pà, ẹ fẹ́ gba ìsọ̀ lọ́wọ́ mi," wọ́n á sì sọ ọ́ fún mi.

Yọ òkúta bátìrì ẹ̀ kọ́kọ́. Fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lára. Èyí tó bá ti rọ̀, tí omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀, sin ín, kí ewúrẹ́ má baà lá a. Èyí tó bá ṣì le, sá a sóòrùn látàárọ̀, kó o sì kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Ayé àtijọ́, tí òkúta bá ti rẹ̀, a máa ń jù ú nù. Nísìnyí, tó o bá gba àdúgbò wa kọjá lọ́sàn-án, wàá rí òkúta rédíò lórí páànù bí ẹni sá èlùbọ́. Wọ́n ń ṣọ́ ọ gan-an ju èlùbọ́ lọ.

Má ki tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àtijọ́. Àtijọ́ á fa tuntun gbẹ, méjèèjì á sì kú. Ìjà ilé ọkọ náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Èyí tó o bá ti jà lánàá, má mú un wá kún tòní. Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tí mo dé ilé bàbá ẹ. Tí wọ́n bá pẹ́ wọlé, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìtọrọ. Bàbá ẹ á ní, "Sáfúrátù, dúró ná, ọdún wo la wà báyìí?"

Tó o bá ti yọ òkúta, wo irin kéékèèké tí òkúta ń fẹnu kò nínú ẹ̀. Bó bá ti dípẹtà, fi ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná ha á, níbi tí wọ́n ń ṣá a sí. Rọra ha á. Tí òkúta bá ń mì nínú ilé ẹ̀, ká bébà dídán inú páálí sìgá, fi há a lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ rédíò tó ń sọ̀rọ̀ tó ń dákẹ́, ibẹ̀ ni àìsàn ẹ̀ wà. O kọ ọ́ pé tí Múfútáù bá gbá a létí, ó máa ń sọ̀rọ̀. Gbígbá yẹn kọ́ ló wò ó, òkúta ló sún kan irin. Sọ fún un pé ìyá mi ní rédíò kì í ṣe ọmọ kéwú.

Kí n tó kúrò lórí ẹ̀. Mò ń ṣàwàdà pẹ̀lú ọkọ ẹ, mo sì fẹ́ràn ẹ̀, ó máa ń kí mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, inú ẹ̀ ò dùn, ọwọ́ ẹ̀ ò sì níṣẹ́. Máa wò ó. Tó bá dákẹ́, fún un lóúnjẹ kó o sì dákẹ́ tì í. Tó bá fẹ́ sọ bó ṣe ń rí n'Íbàdàn, jẹ́ kó sọ ọ́ títí, bó o tiẹ̀ ti gbọ́ ọ rí. Bó bá wá di pé ọwọ́ tó ń gbá rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ẹ, ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ rédíò. Má dúró gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Wọ lọ́rì oníṣu, máa bọ̀. Ká jọ gbé oyún sábẹ́ òrùlé kan, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kejì, ibo lẹ gbé rédíò sí? O ní orí àpótí, nínú yàrá. Ilé oko tẹ́ ẹ wà yẹn, páànù ni wọ́n fi bo orí ẹ̀, ìwọ lo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Páànù kì í jẹ́ kí ohùn wọlé dáadáa. Gbé e bọ́ síta, sábẹ́ igi. Mo rí àbùkù lórí èyí kí n tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a wà ní Sekona, tí bàbá ẹ ń ránṣọ ní oríta, rédíò wa ń ṣe bí ti yín. Mo ní ìyàwó àgbà ilé ló ń fi ojú burúkú wò ó. Mò ń pòwe sí i ní gbogbo ìgbà tó bá gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá. Nígbà tó sú u, ó wọ yàrá mi wá, kò tilẹ̀ kágò, ó gbé rédíò náà, ó lọ gbé e lé orí odó lójúde. Ló bá ń sọ̀rọ̀ gbagada. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó, ṣé àjẹ́ tèmi ò lè jáde síta ni?" Ojú tì mí débi pé mo bá a gún èlùbọ́ ẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Òun ló wá di ọ̀rẹ́ mi jù níbẹ̀. Àjọkẹ́, àwọn obìnrin tó wà lóko yẹn, má tètè fẹ̀sùn kàn wọ́n. O máa nílò wọn.

O máa nílò wọn gan-an, torí èmi ló yẹ kí n wá wẹ ọmọ ẹ. Èmi ló yẹ kí n gbé e sórí ẹsẹ̀, kí n fi omi gbígbóná tẹ ìwọ náà níkùn, kó o máa ké, kí n máa bú ẹ. Mo ti ń rò ó látìgbà tó o ti wà lọ́midan. Ní báyìí, nígbà tó o bá bí, èmi náà á ṣì wà nílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Nítorí náà wá ìyá àgbà kan nísìnyí, kó tó dọjọ́ náà. Má mú èyí tó ń sọ̀rọ̀ jù. Mú èyí tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ tí ọmọ kéékèèké kì í sá fún. Máa bá a ṣa ẹ̀fọ́, máa bá a gbé omi kékeré, kó ti mọ̀ ẹ́ kí ìrora tó mú ẹ. Kó má jẹ́ pé nínú ìrora lẹ ó ti máa bi ara yín lórúkọ.

Padà sọ́dọ̀ rédíò. Tó o bá ti gbé e síta tí ohùn ẹ̀ ṣì tín-ín-rín, yí i. Kì í ṣe bọ́tìnì tí a fi ń wá ilé iṣẹ́ nìkan, yí gbogbo ara ẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Igi dúdú kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín wé, Bàbá Onírédíò fi hàn mí. Wọ́n ní òun ni etí ẹ̀. Bó bá kọ etí síbi tí ọ̀rọ̀ ń gbà bọ̀, á gbọ́. Bó bá kọ ẹ̀yìn sí i, á máa hó. Irin gígùn tí gbogbo ayé ń fà sókè lórí ẹ̀ yẹn, kò ṣe nǹkan kan fún ilé iṣẹ́ rédíò tiwa, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ láti òkè òkun ló wà fún. Ẹ má fi gún ara yín lójú.

Bí ìyẹn náà ò bá tó, wá wáyà gígùn kan, wé e mọ́ ara rédíò yípo bí ẹni fi òwú dìrun, kó o wá fi ẹnu kejì kọ́ orí igi. Lọ́jọ́ tí mo dán an wò níhìn-ín, ohùn gbalẹ̀ débi pé bàbá ẹ fò dìde lórí máṣíìnì. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, sáré tú u, kó o gbé e wọlé. Àrá ò mọ ẹni tó ń retí ìkíni.

Má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ojú ibi tí mo fi kútẹ́sì pupa sàmì sí lára dígí ẹ̀, kútẹ́sì tó o kùn sí èékánná lọ́jọ́ ìyàwó ni, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ wa wà. Bí abẹ́rẹ́ bá ti débẹ̀, máa rọra sún un síwá sẹ́yìn bí ìbú irun orí. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ohùn á túbọ̀ rìn jìnnà, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà á máa gorí ẹ̀, wàá máa gbọ́ Haúsá, wàá máa gbọ́ Faransé. Ní sùúrù. Tiwa á tún jáde lábẹ́ wọn. Má máa tan rédíò látàárọ̀ ṣúlẹ̀ o. Fi òkúta pamọ́ de Jímọ̀.

Ó wá ku èyí tó wà lọ́kàn mi jù, òun ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí.

O mọ ìtàn tí wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé, tí wọ́n bá ní, "Ìyá Raṣí, ta tún ni rédíò pa lónìí?" O ti rẹ́rìn-ín sí i láìmọye ìgbà. Ìwọ gan-an wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà. Sekona la ṣì wà. Mò ń lọ ata nírọ̀lẹ́, wọ́n ń ka ìkéde. Mo gbọ́ orúkọ agboolé wa ní Ẹ̀dẹ. Ọkùnrin tó ń kà á ní, "Wọ́n ń sọ fún gbogbo ọmọ ilé náà, nílé àti lóko, pé ìyá wọn..." Ni rédíò bá hó, ló bá dákẹ́ pátápátá.

Ta ni ò mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀ yẹn? Mi ò yí rédíò. Mi ò dúró gbọ́ bóyá wọ́n á tún un kà. Mo já gèlè, mo pọ̀n ẹ́, mo gba ọ̀nà Ẹ̀dẹ lẹ́sẹ̀, torí kò sí epo, ọkọ̀ ò sí lójú títì. Mò ń sáré, mò ń ki ìyá mi lóríkì. Àwọn tó ń toko bọ̀ ń ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́hun á dáwọ́ ẹ̀ dúró." Mo ṣubú lójú afárá, mo dìde. Bí mo ṣe já wọ agboolé, ìyá mi rèé lórí àpótí, wọ́n ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Mo fi igbe bọnu.

Wọ́n fò dìde, ìrẹsì dànù. "Ta ló kú?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni!"

"Èmi? Ta ló sọ fún ẹ?"

"Rédíò ni!"

Ìyá mi wo ara wọn látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé kí n kọ́kọ́ ṣa ìrẹsì yìí ni, àbí kí n lọ dùbúlẹ̀ báyìí?"

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Ìyá wa kan tó lọ sí Mẹ́kà ló dé láyọ̀, òun ni wọ́n ń kéde. Wọ́n ní káwọn ọmọ wá kí wọn. Ìdí nìyẹn.

Ohun tí wọn kì í fi kún ìtàn yẹn, torí wọn ò mọ̀ ọ́n, ni pé oyún wà nínú mi lọ́jọ́ yẹn, ó kéré, mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti lọ. Ìyá mi ló fọ aṣọ náà. Ìyá mi nìkan ni kì í bá ará ilé rẹ́rìn-ín mọ́ tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Oyún yẹn ni àkọ́kọ́ nínú àwọn tí ò dúró. Mi ò mọ̀ bóyá ìsáré yẹn ló fà á, nọ́ọ̀sì ní ó lè máà jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo sáré.

Nísìnyí oyún wà nínú ẹ. Kìṣí sí Ẹ̀dẹ kì í sì í ṣe Sekona sí Ẹ̀dẹ. Ojú ọ̀nà yẹn ti kún fún kòtò, àwọn sójà ń dá ọkọ̀ dúró, wọ́n á ní káwọn èèyàn bọ́ sílẹ̀ dúró lóòrùn. Bó bá jẹ́ pé orúkọ ẹ lo gbọ́, tí rédíò wá hó, mo mọ̀ ẹ́. Ara mi lo ti jáde. Wàá ti máa wá bàtà.

Má wá bàtà, Àjọkẹ́. Jókòó.

Mo ti bá bàbá ẹ ṣe àdéhùn kan. Òwúrọ̀ ni, wọ́n ń fi epo sí máṣíìnì.

Mo ní, "Bàbá Raṣí, ẹ ṣèlérí kan fún mi."

Wọ́n ní, "Èwo tún ni?"

"Bí mo bá bí wẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kí ọmọ yín lórí rédíò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ mi débẹ̀ rárá. Ẹ wọ lọ́rì, ẹ lọ bá a fúnra yín. Ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú kẹ́ ẹ tó la ẹnu."

"Sáfúrátù, ṣé ọ̀rọ̀ ikú lò ń bá mi sọ láàárọ̀ yìí?"

"Ọ̀rọ̀ rédíò ni."

Wọ́n nu epo lọ́wọ́, wọ́n tún un nù. Wọ́n ní, "Èmi tí èébì máa ń gbé nínú lọ́rì!"

Mo ní, "Ẹ ó bì dé Kìṣí nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Mo gbọ́." O mọ̀ pé bí bàbá ẹ bá ti ní mo gbọ́, ó ti parí.

Nítorí náà fi èyí sọ́kàn. Ohunkóhun tó o bá gbọ́ nípa wa lórí rédíò, ire ni. Bó jẹ́ ìdajì lo gbọ́, ire ni. Bó jẹ́ orúkọ ẹ nìkan lo gbọ́ tó fi dákẹ́, ire ni, mo wà láàyè nìyẹn, mò ń fọ́mọ lọ́yàn. Bó bá sì jẹ́ híhó nìkan ló ń hó, kò tíì sí ìròyìn. Pa á, tọ́jú òkúta, tún un tàn ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n lè má kà á lọ́sẹ̀ tí mo bí, ìwé ìkíni máa ń pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Má ka ọjọ́. Sùn, jẹun, má gbé igbá omi ńlá.

Èmi náà mọ̀ pé mi ò lè ṣe gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí. Tí mo bá dùbúlẹ̀ lọ́hùn-ún nílé ìwòsàn, ìwọ ni màá máa rò, pé ṣé ó yí i, ṣé ó gbé e síta, ṣé òjò ò rọ̀ ní Kìṣí. Ó dáa kí n máa ro ìyẹn ju kí n máa ro ara mi. Bó o bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, jẹ́ kí rédíò yẹn wà lábẹ́ igi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, kí n mọ ibi tí ẹ wà lákòókò náà. Kí n lè máa wo ẹ̀yin méjèèjì lọ́kàn mi, ìwọ àti ikùn ẹ.

Awakọ̀ ti ránṣẹ́ pé òun ti ń di ẹrù. Mo fi ẹ̀pà sí i fún ẹ, èyí tó pọ́n dáadáa, àti páálí ìṣáná kan. Má fi gbogbo rẹ̀ dáná.

Ó ku ẹyọ kan. Ọkùnrin tó máa ń ka ìkíni yẹn ò mọ̀ wá. Orúkọ ẹ á kàn gba ẹnu ẹ̀ kọjá ni, á sì bọ́ sórí orúkọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kó pè ẹ́. Bí ìyá bá sì pe ọmọ, ọmọ kì í dákẹ́. Nítorí náà bó o bá gbọ́ ọ, dáhùn. Má wo ojú Múfútáù, má wo ojú ará oko tó bá ń rẹ́rìn-ín. Kúnlẹ̀ síwájú rédíò níbẹ̀, bí ikùn bá jẹ́ kó o kúnlẹ̀, kó o ní, "Ẹ̀ẹ́n, Màámi."

Mi ò ní gbọ́ ọ. Ṣáà dáhùn.

Èmi ni,
Sáfúrátù, ìyá ẹ.